Fọ́tò Ìbejì Tó Ku Ẹyọ Kan

Sátidé, oṣù kọkànlá, 1999

Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì tó wá láti òpópónà Bajulaiye lónìí ò kúrò lọ́kàn mi. Táíwò rẹ̀, ọkùnrin, kú lásìkò òjò. Kẹ́hìndé, obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ló mú wá, kí n ya fọ́tò rẹ̀ di méjì bí àwa onífọ́tò ṣe máa ń ṣe fún ìbejì tó ku ọ̀kan.

Ní gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe tó mi? Èmi tí mi ò kàwé kọjá pírámárì tuu! Mo ní n ó ya á nínú aṣọ tirẹ̀, n ó tún ya á nínú aṣọ Táíwò, n ó wá so méjèèjì pọ̀ sójú fọ́tò kan.

Ìyá náà ní, "Kálà ni mo fẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ̀rọ ló ń fọ kálà ní Palmgrove, kò mọ̀ ọ́n so pọ̀. Dúdú àti funfun ni mo ń fọwọ́ ara mi fọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò bàbá mi tó kú ṣe rí lára ògiri. Ọmọdé ni tèmi, Bàbá!"

Mo bá ya á sí fíìmù méjèèjì lábẹ́ igi furúùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nínú ti dúdú àti funfun, mo ya á nínú aṣọ méjèèjì; nínú ti kálà, Kẹ́hìndé nìkan ni, nínú aṣọ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá rẹ̀ ò bọ́ aṣọ Táíwò lára rẹ̀. Ó ní, "Táíwò, juwọ́ sí Bàbá."

Ọmọ náà yíjú sẹ́yìn, ó ń wá Táíwò.

Èwo ni kí n wá fọ̀ báyìí? Bí mo bá so wọ́n pọ̀, inú ìyá á dùn, ṣùgbọ́n ọmọ yìí...

Bóyá kálà ni kí n kọ́kọ́ gbé lé ìyá lọ́wọ́, kó lè kọ́kọ́ rí Kẹ́hìndé.