Irin Eléyín Tí Yóò Gbé Àbúrò Rẹ Gun Òkè

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, gbogbo wọn nínú ilé yìí sì ti fẹnu kò pé èmi ni mo fà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ́kọ́ kí ọ. Ó yá, mo kí ọ báyìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Bàbá yín wà, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó sì ní kí n má wulẹ̀ kọ lẹ́tà, pé fóònù wà. Mo ní fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn bínú tán kí owó inú rẹ̀ tó tán.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù orí òkè tí o rà fún àbúrò rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé wa ló ń tọ́jú, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbé àpótí irinṣẹ́ gun ibẹ̀ lójoojúmọ́, lójú ọ̀nà tó kún fún òkúta àti ẹrẹ̀. Alùpùpù náà lẹ́wà, táyà rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tí òkè ti dúró gangan, a gbin, a sì kú. Ni mẹkáníìkì wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòséwu nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn sọ tí kò ní dáhùn pé kò séwu, bá ní irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn, èyí tí ṣéènì ń yí, ló kéré jù, pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ọmọ mi, wo bí mo ṣe rò ó. Àbúrò rẹ tó jẹ́ pé eré àsápajúdé ló ń sá bó ṣe wà yìí, wọ́n tún fẹ́ fi eyín kún eyín fún un. Mo parí ìwé girama, mo yege nínú ìṣirò, mo mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù ló lágbára jù. Eyín púpọ̀, eré púpọ̀. Bí àbúrò rẹ ṣe fi alùpùpù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kòséwu báyìí, mo gba ẹ̀yìn lọ bá a, mo ní kó fi èyí tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síbẹ̀, kí ọmọ mi lè máa rọra lọ. Ó ní Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń rí o. Mo ní ṣé òun ló bí i ni. Ó wo ojú mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò séwu.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀nà pẹrẹsẹ tó wà níwájú ilé ìwé, ibi tí mo fẹ́ kó ti rọra lọ gan-an, eré tó sá níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Aránṣọ tó kọjú sí ilé wa ní ẹ̀wù rẹ̀ nìkan lòun rí tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé òkè, alùpùpù kò dé ìdajì kó tó kú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ dà sínú kòtò, àbúrò rẹ bó lórúnkún. Ọ̀gá rẹ̀ sì dúró lókè, ó ń wò ó. Ó ní bí kò bá lè gùn ún dé ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ Ajé, òun yóò mú ẹlòmíràn.

Àbúrò rẹ wọlé, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá yín ló bá mi sọ̀rọ̀, tiẹ̀ sì pọ̀ jù.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ Kòséwu kí n lè bínú sí i dáadáa. Ó dojú alùpùpù dé, ó ní kí n fọwọ́ ara mi yí táyà ẹ̀yìn. Ó ní bí irin ẹ̀yìn bá tóbi, tí eyín rẹ̀ pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni táyà ń yí, agbára rẹ̀ a pọ̀ lórí òkè, eré rẹ̀ a sì dín kù ní pẹrẹsẹ. Èyí tó kéré, eré ló ní, kò lágbára. Ó tún ní ọ̀tọ̀ ni ti irin eléyín kékeré tó wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, pé bí ènìyàn bá yọ eyín kan ṣoṣo níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tó fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún ti ẹ̀yìn. A yọ kan, ó di mẹ́rin. Ká ní mo kọ irú ìṣirò yẹn sílẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé, orí ìkúnlẹ̀ ni ǹ bá wà títí dòní.

Ṣùgbọ́n mo ti gbà. Bá mi wá irin ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo ìlú tí o wà, èyí tí yóò gbé e gun òkè, tí yóò sì falẹ̀ ní pẹrẹsẹ débi pé mo lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n máa bá a sọ̀rọ̀. Kòséwu ní eyín mẹ́ta lé lórí ti tẹ́lẹ̀ ti tó, pé bó bá pọ̀ jù, ṣéènì kò ní ká a, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ké lásán. Àbúrò rẹ rán bàbá yín sí mi pé òun kò lè gun ohun tí ewúrẹ́ yóò máa yà sílẹ̀. Mo ní kí ewúrẹ́ máa yà á sílẹ̀. Gbogbo wọn ń ka eyín, kò sẹ́ni tó ń ka egungun.

Àwòrán irin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà tí àbúrò rẹ pè ọ́, mo ti rí i. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò ju ọmọrí agolo mílíìkì lọ. Bàbá yín wá fi ìka méjì kàn án, ló bá wú. Bi ẹni tó ń tà á, nínú méjèèjì, èwo ló fẹ́ kó fún wa. Má jẹ́ kó gba owó èyí tó wú, kó di èyí tí kò wú fún ọ.

Fi owó díẹ̀ sí i fún ṣéènì tuntun àti oògùn ẹ̀yìn bàbá yín, kí o sì fi nǹkan kún ti Kòséwu, nítorí ó ní òun kò ní fọwọ́ kan alùpùpù náà mọ́ bí mo bá dúró tì í, màá sì dúró tì í. Ọlọ́run yóò fún ọ ṣe. Ibi tí o bá fojú sí, ọ̀nà yóò là níbẹ̀. Àwọn ọmọ tìrẹ kò ní gun ohun tí yóò máa já ọ láyà.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ lọ́la, fi irin náà rán an. Mo ti gbé alùpùpù sínú yàrá wa, mo sì fi ṣéènì rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí mi, kí àbúrò rẹ má baà gbé e jáde bó ṣe wà yẹn. Gbogbo yàrá ń rùn fún epo, bàbá yín ti kó lọ sùn sí pálọ̀, àbúrò rẹ kò sì tíì dá mi lóhùn. Yàtọ̀ sí irin tí mo ní kí o rà yìí, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Jọ̀wọ́, tètè kọ̀wé padà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ