Ta Ni Ìyá Ṣádì Tí O Ń Kí Lórí Rédíò?

Rífáátì ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí, kí o sì mu omi. Ọ̀ràn ńlá ti ṣẹlẹ̀ nílé. Ẹyẹlé ìyá rẹ yé ẹyin sórí rédíò, ó sì ti sàba lé wọn. Ìyá rẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì títí tí ẹyin yóò fi pa. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ rédíò tìrẹ nìkan ni à ń gbọ́, bí a fẹ́, bí a kọ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há, kò ní jẹ́ kí ọ̀fun gbẹ ọ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́. Àwa náà wà dáadáa. Ìrèké ti ga ju orí mi lọ, màlúù wa sì bí akọ.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí o ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Káírò. Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ, o ránṣẹ́ pé àwo ni o ń bá ṣiṣẹ́, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ńlá. Kànrìnkàn tí mo fi ránṣẹ́ nígbà náà, mi ò gbọ́ pé o lò ó. Nígbà tó yá, o ní àwo ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì ló dé. Kásẹ́ẹ̀tì náà tún lọ. Ní báyìí, wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo orin wà, ó sì ń dá kọ ọ́. Mo wá ń rò ó pé kí ni ọwọ́ tìrẹ ń ṣe níbẹ̀. Bóyá ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ náà rò nìyẹn, tí wọ́n fi ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni o máa ṣe é mọ.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí gan-an ni mo bá wá. Pé o ń jẹ́ Ṣádì lórí rédíò, a ti gbà. Káírò ni, wọ́n máa ń gba orúkọ lọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ni Ìyá Ṣádì tí o máa ń kí kí o tó kásẹ̀ ètò nílẹ̀? Wàá ní, "Ìyá Ṣádì, lókè lọ́hùn-ún létí Náílì, mo fẹnu ko ọwọ́ yín." Ìyá Ṣádì kan ṣoṣo la ní lágbègbè yìí, opó tó ń gbé lódìkejì odò tí ìjọba gbẹ́. Tó bá ti di àárọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pín tíì fún ẹni tó ń kọjá: "Ẹ wá mu tíì o, ọmọ Káírò tún ti kí mi! Ìyá Rífáátì, ìwọ ńkọ́? Àbí tìẹ ò mọ̀ ẹ́ mọ́ ni?" Ìyá rẹ á ní òun kì í mu tíì. Ó ní òun ò bínú. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń sọ pé òun ò bínú, láti ìgbà náà ni o kò sì ti rí búrẹ́dì tó máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ gbà mọ́.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ gan-an. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní kí o kí òun lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun gbọ́, kí obìnrin yẹn náà gbọ́. Mi ò ní kí o dá orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Ọkùnrin wo ló ń dá orúkọ ìyá rẹ̀ létí àwọn ọkùnrin mìíràn? Orí wa ò tíì yí. Ṣáà pe Ìyá Rífáátì, ó ti tó. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní ta ló ń jẹ́ Rífáátì, ní ẹnì kan ni. Wọ́n ti lé ọ tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ́ ṣe? Tí Ọjọ́bọ̀ bá fi kọjá, rédíò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, mi ò sì mọ ohun tí màá fi pẹ̀tù sí i nínú mọ́. Akọ̀wé tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀.

Fi owó gínẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ fún ṣúgà àti tábà mi. Má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Wọ́n ti jí i lójú ọ̀nà.

Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà ilé, wàá sì bá wa láyọ̀.

Bàbá rẹ,
Mahrúsì

ÌFITÓNILÉTÍ LÁTI ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́: A fi èyí sọ fún ẹni tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Mahrúsì kò mọ̀wé kọ. Akọ̀wé tuntun ló bá a kọ ọ́. Orúkọ akọ̀wé náà ni Ṣádì. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ìyá òun kọ́ ni wọ́n ń kí, ṣùgbọ́n ìkíni náà ló ń gbé ìyá rẹ̀ dìde láàárọ̀. Ọkọ̀ lẹ́tà Káírò yóò gbéra ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá.