Kànga Tí Mo Dí ní Amukoko

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti fọ́ ìdérí kànga yẹn. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi sìmẹ́ńtì dí i, torí pé ṣaláńgá ilé tó wà níbẹ̀ ń jò sínú rẹ̀. Ìyá Ríṣí ni mo bá tó ń fa omi níbẹ̀ lónìí.

Mo ní, "Ìyá Ríṣí, omi yìí ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru fáwọn ọmọ yín o."

"Mo mọ̀, wolé-wolé. Níbo lẹ fẹ́ ká ti pọn òmíì?"

Ríṣí dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọsibítù ni wọ́n ti ń bọ̀ láàárọ̀.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó ní, "Tiwa ni ká dí i. Ọ̀rọ̀ omi ò sí lọ́wọ́ wa. Tún un dí lọ́la."

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Ìyá Ríṣí fi ife bu nínú omi tó fà wá fún mi. Ó ní oòrùn ti pa mí jù. Mo parọ́ pé mo ń gbààwẹ̀.

"Ọlọ́run á gbà á o," ló wí, ló bá gbé ife náà sí Ríṣí lẹ́nu.

N ò lè sọ pé kó má mu ún.