Ọkọ̀ Eré Ìje Bàbá Màmá Ruth

Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́

Lónìí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ tí Màmá Ruth gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa ní ìlú Vaughan tó dáhùn. Alihamudulilai.

Nígbà tí eré ìje mọ́tò ṣì jẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà, bàbá wọn ló ń tún ọkọ̀ yìí ṣe ní gbogbo sáà kan. Òyìnbó ló ń fi í sáré. Àwọn alákòóso eré náà kò gbà kí aláwọ̀ dúdú díje.

Mo ní, "Mà, ṣé kí n wà á fún yín?"

"Rárá, èmi ni màá wà á."

Wọ́n rọra wà á yí ọgbà ṣọ́ọ̀bù ká, wọ́n dúró, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n di sítíárìn mú, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Ká ní wọ́n jẹ́ kí bàbá mi wà á ni, òun ni ì bá gba ipò kìíní."

Mo wọ inú ọkọ̀ náà. Mo kàn jókòó tì wọ́n.