Wàrà Oníṣúgà Lẹ́nu Ológbò

Màmá Àgbà mi,

Ìgbà tí ẹnu ológbò wa ń ta sánsán wàrà oníṣúgà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi lọ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo abẹ́rẹ́ tí mò ń gún un.

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn àǹtí. Màmá mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òrùlé ilé ìdáná kò sì jò mọ́. Kókó inú imú ológbò tí wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ sun ti ń san, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ní bí ṣúgà bá tún ga sí i, ó lè kú.

Ọmọ yín, Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà, ni mo ká mọ́ ilé ìdáná pẹ̀lú ológbò. Ife kan náà làwọn méjèèjì fi ń mu wàrà!

Bọ̀ọ̀dá ní, "Kí ló dé, Nọ́ọ̀sì Ológbò? Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ lálẹ́, ṣé ó jalè ni? Jẹ́ kó gbádùn díẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìtànṣán ara rẹ̀ ti wọ inú yín nìyẹn."

Irọ́ ni o, Màmá Àgbà. Kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ti ń fi ìbọ̀wọ́ jẹun báyìí, wọ́n ń yẹ ahọ́n wọn wò nínú dígí, wọn kò sì sún mọ́ ológbò mọ́. Ó dùn mọ́ mi jọjọ!

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín á fúyẹ́. Ẹ bá mi tún Yorùbá mi ṣe.

Bọ̀ọ̀dá ní kí n mú àwọn lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́la. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ òótọ́ ni, àbí kí n mú wọn lọ?