Oúnjẹ Iléṣà àti Ọwọ́ tí Mo Nà Sókè

Òkè-Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́bọ̀.

Kifayat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú ooru Àbújá. Ọlọ́run tó mú ọ wálé tó sì mú ọ padà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Àmín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ti ń dìde dúró, Kàósárà ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi gbé sì ti ra àtùpà kan tí wọ́n máa ń sá sóòrùn bí ẹ̀lùbọ́ kó tó lè tàn lálẹ́. Èmi ni mo ń sá a, mo sì ń yí i lójú kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè gbẹ.

Mo mọ̀ pé ò ń bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ Micah tó fẹ́ fẹ́ ọ. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o ò gbé fóònù. Táòfíkì tó ń tún fóònù ṣe lójú ọ̀nà wa ló ní kí n kọ lẹ́tà, òun á yà á ní fọ́tò, á sì dé ọwọ́ rẹ kí n tó padà délé. Mo ti ra sítáǹbù. Mo ní kó ya àpòòwé náà tẹ̀yìn tiwájú, kí wọ́n má baà dá a padà lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ tẹnu mi, o ṣé fún oúnjẹ ọjọ́ yẹn, o ò ní ṣe é tì. A ń bọ̀ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà níbi tí a ti lọ kí Elisha, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, o ní ebi kò gbọdọ̀ pa mí dé Òṣogbo, lo bá yà sí ilé oúnjẹ ńlá yẹn ní Iléṣà. Láti ọjọ́ tí a ti bí mi, mi ò tíì jẹun níbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà ń wo ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ wà, mi ò rí i, àfi páálí kékeré kan lórí tábìlì tí wọ́n ta dúdú dúdú sí lára, lo bá na fóònù sí i. Mo rò pé o fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n má baà sọ pé àwa la jí i ni. Àṣé ibẹ̀ ni orúkọ oúnjẹ wà. Mi ò rí orúkọ oúnjẹ kankan níbẹ̀ ní tèmi, ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe ojú àtijọ́ mọ́.

Iyán yẹn funfun, kò ní kókó kan. Itan adìyẹ ìbílẹ̀ odindi ló wà nínú ẹ̀gúsí náà. Òkèlè kejì ni mo fi sẹ́nu tí o fi sọ ọ́. O ní ọkùnrin kan wà, Micah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, olùkọ́ ni ní Àbújá, ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ fẹ́ra yín, kí ni mo rí sí i.

Kifayat, a ò jọ jẹun lórí tábìlì kan rí, àfi ọjọ́ yẹn. Inú yàrá ni ìyá rẹ máa ń gbé tèmi wá bá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀yin ọmọ sì ti máa ń jẹ tiyín. O ò lè mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ bá wà níwájú mi. Orógùn ni ìyá mi fi kọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mi ò sì tíì gbàgbé. Ni mo bá na àtẹ́lẹwọ́ mi sókè. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi na ọwọ́ yẹn sí rélùwéè ní téṣàn wa, kò sì sí dírẹ́bà kan tó rò pé mo ní kó padà sílé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kó dúró díẹ̀, ojú irin ò tíì ṣófo.

Mo wá fara balẹ̀ jẹun. Mo pẹ́ nídìí ẹ̀, mi ò purọ́, nítorí mo ń ro ọ̀rọ̀ rẹ, adìyẹ náà sì ní egungun. Bí mo ṣe fọwọ́ tán tí mo fẹ́ yíjú sí ọ ni Àbídèmí, ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá, dé, ó kúnlẹ̀, ó béèrè bóyá gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Inú mi dùn pé ọmọ tí mi ò bí ń béèrè àlàáfíà mi. Mo ní a dúpẹ́, pé òrùlé ẹ̀yìnkùlé ló ń jò, pé ewúrẹ́ kan ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mo sì sọ bó ṣe ṣẹ́. Ó dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí n ó fi wo ọ̀dọ̀ rẹ, o ti dìde lọ sanwó.

Àbídèmí tún fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ya ìràwọ̀ márùn-ún sí, ó ní kí n kun iye tí mo bá fẹ́. Mo kun ẹyọ kan, mo sì ya oṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wà lórí mọ́sálásí. A wọnú ọkọ̀ rẹ, ó tutù, iyán ti wà níkùn, mo bá sùn lọ títí dé ilé. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó dá ọ lóhùn. Nígbà tí mo fi ti ìrun àsùbá dé, o ti lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbé iṣu méjì, mo wọ mọ́tò padà sí Iléṣà láti lọ kí wọn kú àná, nítorí kò dáa kéèyàn jẹ oúnjẹ ẹni yó kó má padà lọ dúpẹ́ tílẹ̀ bá mọ́. Bí mo ṣe sọ fún ọ̀gá wọn obìnrin pé nítorí oúnjẹ àná ni mo ṣe wá, ojú wọn yí padà, wọ́n bi mí bóyá inú ń run mí ni. Wọ́n ní àwọn ti ń bá Àbídèmí wí láti àárọ̀ nítorí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí mo kùn. Àṣé bí oúnjẹ bá ṣe dùn tó lèèyàn ń kùn tó. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gba fọ́ọ̀mù mìíràn, mo kun márààrún, mo tún fọwọ́ ara mi ya méjì sí i.

Àbídèmí ló sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kí n má bínú pé òun dá sí i, ọmọ mi ń sunkún nígbà tó ń sanwó lánàá. Òun bi ọ́ pé kí ló dé, o sì ní, “Bàbá mi ti ní rárá.”

Kifayat, àṣé ọwọ́ tí mo nà sókè yẹn lo kà sí rárá. Ká ní ìyá rẹ ṣì wà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, òun ì bá ti sọ fún ọ pé ọkọ òun kì í dáhùn nídìí oúnjẹ. Èmi nìkan ló kù, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní rárá. Ìgbàgbọ́ ni Micah, mo gbọ́. Nínú agbo ilé wa yìí, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì, kò sì sẹ́ni tí inú ń run. Ìjẹ̀ṣà ni, mo gbọ́. Ìjẹ̀ṣà ni Elisha náà, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Mo gbà. Ní kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, kí òjò má pa àwọn àna wa, kí n sì fi ra ọ̀dà fún ògiri iwájú. Kí o bá báǹkì sọ ọ́ dáadáa pé owó tí ìwọ fi síbẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kó fún mi. Èyí tí wọ́n fún mi níjelòó ti gbó, mo mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọlọ́run á fi ọ́ sílé ayọ̀. Wà á bí, wà á wò, wà á sì sin èmi bàbá rẹ. Mo ti ní kí Kàósárà má gbé oúnjẹ alẹ́ mi wá títí o ó fi pè, kí ẹnu mi lè ṣófo. Iyán ló gún. Òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń bá mi níbi tí mo jókòó sí. Tètè pè, ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí.