Wọ́n Ní Àtàǹpàkò Mi Kò Tó

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ṣé ikọ́ ti fi ọkọ rẹ sílẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún wá ara wa. Orúnkún mi ṣì ń ro mí, òrùlé ilé ìdáná ń jò, adìẹ pamọ méje, àṣá sì ti gbé méjì. Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Àbúrò rẹ télọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé nínú ilé láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ. Bí o bá rí i tí ìwé ń wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Ohùn rẹ tí o fi sínú fóònù ní ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ọ. O ní o ti rí ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀mùtí sàn, o ti sanwó, mọ́tò wọn yóò wá gbé àbúrò rẹ ní ọjọ́ Ẹtì, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. O ò dúró gbọ́, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ, nígbà tí o sì parí o ò tilẹ̀ ní ó dàbọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni o tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lé mi lórí. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwé yóò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀bi tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó gbé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà lọ fi ra ọtí (ó ti dá bírò dúró, mo ní kọ ọ́, ó ti ń kọ ọ́), mo tì í mọ́ yàrá. Mo ní bí ọtí bá ti dá lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ yóò pé. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ gbì. Ó ti ṣubú, ara rẹ̀ le bí igi, ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti gé ahọ́n jẹ. N kò sunkún. Mo pe dírẹ́bà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, a gbé e lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ní díẹ̀ ló kù kí n pa á. Ó ní ara tí ọtí ti ń gbé ró láti ọdún mẹ́wàá, wọn kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì; oògùn ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, ojú ènìyàn yóò sì wà lára rẹ̀. Ó yé mi. Òpó tó ti jẹrà, ènìyàn kì í fà á yọ kó tó fi òmíràn ti òrùlé.

Ó ní lẹ́yìn oògùn, yóò máa bá àwọn tó ti mutí rí jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn ń sọ. Lẹ́yìn wákàtí kan mo béèrè ìgbà tí ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti ṣe é tán. Bíríkìlà kan ní ọdún mẹ́rin rèé tí òun kò tọ́ ọtí wò, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun padà sídìí rẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé irú ìyẹn ni wọ́n fi ń polówó ọjà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹ ṣáà rí mi.

Wọ́n wá gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba aláìsàn sí bẹ́ẹ̀dì wá. Mo na àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì ní rárá, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ pé òun fẹ́. Inú bí mi. Èmi tí mo bí i, tí mo fi ọwọ́ yìí nu ìdí rẹ̀, àtàǹpàkò mi kò tó? Mo rò pé bóyá ìka kan ló kéré, mo fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ̀ ọ́. Ó kọ̀. Àbúrò rẹ náà kọ̀, ó ní ilé ni òun ń lọ. Wọn kò dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù náà mú lọ sílé, pẹ̀lú oògùn tí yóò lò títí di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò ní dúró dè é kọjá ọjọ́ náà.

Lánàá mo lọ wo ibi tí ìwọ sanwó sí. Bẹ́ẹ̀dì funfun tó wà nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo ti kà wọ́n, mẹ́jọ ni, kò sí ẹnikẹ́ni lórí ọ̀kankan. Mo bi ọ̀gá wọn pé ẹni tí wọ́n wò sàn dà, kí n rí i. Ó tún na fọ́tò sí mi. Mo ní bí ó bá ń gbọ̀n ńkọ́? Ó ní àwọn yóò dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Mo ti sin ewúrẹ́ rí. Ewúrẹ́ tí a so kò gbàgbé oko olóko. Ọjọ́ tí okùn bá já, ibẹ̀ náà ló ń sáré lọ. Mo na àtàǹpàkò fún wọn láti dán wọn wò. Wọ́n ní kò pọn dandan, owó ti wọlé. Wọn kò béèrè orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ ni ìdí tí nọ́ọ̀sì fi kọ àtàǹpàkò mi ti yé mi.

Nítorí náà, gba owó rẹ padà. Bí wọn kò bá dá a padà, fi í sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi háyà ẹni tí yóò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Fi owó oògùn àti owó mọ́tò ránṣẹ́ sí wa, àti owó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ. Má gbàgbé ìpara orúnkún mi.

Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àbúrò rẹ dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níbi tí fọ́ọ̀mù wà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní òun ti kọ orúkọ òun sí i. Mo wò ó, ìlà tó wọ́ ni mo rí. N kò mọ̀wé, ẹni tó ń mutí sì máa ń purọ́. Mo ní kó kọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Dírẹ́bà yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la. Wò ó dáadáa. Bí kì í bá ṣe orúkọ rẹ̀, pè mí kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, kí o sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ọ lóhùn kí o tó pè é. Àwọn ọmọ tí ìwọ bí kò ní di ẹni tí wọ́n ń fi mọ́tò wá gbé. Àmín.

Èmi ìyá rẹ. Àtàǹpàkò mi rèé, bí ó bá tó fún ìwọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà tó wọ́ yìí, orúkọ mi ni. Gbogbo ohun tí Màmá sọ ni mo kọ, títí kan ti aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò yẹn wá.